Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Mi Gùn Ju Bí Ẹ Ṣe Rí I Lọ

Ẹni tó bá ti gbọ́ igbe tí kẹ̀kẹ́ okùn ìwọ̀ máa ń ké nígbà tí ohun tó lágbára ju ẹja lọ bá gbé e, kò ní í gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ìparí ọ̀sẹ̀ Memorial Day, ìsinmi ìrántí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti kú, lórí Lake Conroe ní ìpínlẹ̀ Texas, mẹ́ta nínú ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́fà tí mo kì bọ ìdí ọkọ̀ mi ló figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi wọ omi. Kí n tó nawọ́ gán an, ó ti fà yọ kúrò nínú ihò rẹ̀, ó bá omi lọ. Àwọn ìbejì mi ló dáwó jọ ra ọ̀pá yẹn fún mi nígbà tí mo pé àádọ́ta ọdún.

Ẹja kọ́ ló gbé e. Jet ski, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń gùn bí alùpùpù lórí omi, ló kọjá lórí okùn mi.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ó yẹ kí n kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní Yorùbá. Àwa ọmọ ilé tí à ń pẹja ní agbègbè Houston ti ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí a máa ń sọ fún ara wa kò ju irú ìdẹ tó dáa àti ibi tí ẹja kó sí lọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ fún mi rí.

Lake Conroe kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ sí ilé wa. Adágún àtọwọ́dá ni. Ẹ̀ka ìwọ̀-oòrùn odò San Jacinto ni wọ́n dí, ìdídò náà parí ní 1973, omi sì bo ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 21,000 éékà. Apá gúúsù ni ilé ńláńlá wà, èbúté lọ́tùn-ún lósì, ilé oúnjẹ tí ọkọ̀ ń yà sí, àti àwọn ọ̀dọ́ tí ọkọ̀ ń fà kiri lórí pátákó. Tí ẹ bá ti kọjá afárá ọ̀nà FM 1097 lọ sí àríwá, igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sam Houston National Forest ló yí omi ká níbẹ̀, igi tó ti kú tipẹ́ sì ṣì nàró nínú omi. Abẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀ ni crappie, ẹja tí mo máa ń wá lọ síbẹ̀, fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ìparí ọ̀sẹ̀ nígbà ooru, kò sí àríwá, kò sí gúúsù mọ́. Gbogbo omi á máa hó bí ìkòkò ọbẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fi ẹja náà han màámi lórí fóònù, wọ́n ní, "Ẹ̀pìyà kọ́ nìyí?" Ìyá mi ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ojú wọn mọ ẹja. Lóòótọ́ ó jọ ọ́: ó pẹlẹbẹ, ara rẹ̀ ń dán, ó ní àmì dúdú wínníwínní. Ṣùgbọ́n ẹbí tirẹ̀ yàtọ̀. Oríṣi méjì ló wà, funfun àti dúdú, àwọ̀ wọn sì lè tan èèyàn jẹ. Ẹ̀gún ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ kà: funfun máa ń ní márùn-ún tàbí mẹ́fà, dúdú máa ń ní méje tàbí mẹ́jọ. Ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà. Bí ẹ bá fà á tagbáratagbára, ìwọ̀ á ya ẹnu náà, ẹja á sì lọ. Texas gbà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó 25 lóòjọ́, èyí tí kò bá sì gùn tó ínṣì 10, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà sómi. Tí ẹ bá dín in nínú epo gbígbóná, pẹ̀lú iyọ̀ àti ata gígún, mi ò tíì rí ẹja odò tó dùn tó o nílẹ̀ yìí.

Nígbà ìrúwé, tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, etí bèbè ni wọ́n máa ń wá yé ẹyin sí, ọmọdé pàápàá lè mú wọn níbẹ̀. Tí wọ́n bá yé tán, wọ́n á padà sí ibú. Wọn ò ní í sí nísàlẹ̀, wọn ò ní í sí lókè, agbede-méjì omi ni wọ́n máa ń kóra jọ sí, wọ́n á sì máa ṣí kiri. Ẹni tó bá ju ìwọ̀ sójú kan lè jókòó dalẹ́. Ìdí nìyẹn tí à ń fi wọ́ ìwọ̀. A ó ju àwọn ìdẹ kéékèèké tí wọ́n fi òjé ṣe orí wọn sẹ́yìn ọkọ̀, a ó tú okùn wọn tó 80 tàbí 100 ẹsẹ̀ bàtà, a ó wá fi ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo bátìrì wa ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́, máìlì kan péré ní wákàtí kan. Arúgbó tó ń fẹsẹ̀ rìn yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá falẹ̀, ìdẹ á rì. Bó bá yára, ìdẹ á gòkè. Lórí èyí ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ dúró sí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun tí mo tíì fi ọwọ́ mi ṣe nílẹ̀ yìí lọ.

Ọkùnrin orí jet ski yẹn kò rú òfin kankan. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Òfin Texas ní jet ski kò gbọdọ̀ sáré níbi tí kò bá tó 50 ẹsẹ̀ bàtà sí ọkọ̀ mìíràn. Òun jìnnà sí mi tó 60, bóyá 70. Lójú tirẹ̀, ó ti fún mi láyè. Ohun tó rí ni ọkọ̀ kan tó dà bíi pé ó dúró, àti ọkùnrin kan tó ń wo iwájú. Kò rí okùn mẹ́fà tó tẹ̀ lé mi bí ìrù. Níbi tó gbà kọjá, okùn ọ̀hún kò tíì rì ju ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì lọ, ó tín-ín-rín, oòrùn sì ń ta yanran lórí omi. Ta ló fẹ́ rí i?

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fa okùn mẹ́ta mu. Ó gbọ́ ìró tí kò yé e, ó dẹwọ́, ó sì yí padà láti wẹ̀yìn. Bó ṣe ń yí ni mo rí i pé ọmọ kan jókòó níwájú rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré tí kò lè ju ọdún mẹ́fà lọ. Okùn tó ti fà le tantan gbéra kúrò nínú omi, omi ń kán lára rẹ̀ tó, tó, tó, ó sì gba àyà ọmọ náà kọjá.

Mo figbe bọnu. Mi ò lè sọ ohun tí mo wí, àmọ́ mo mọ̀ pé Yorùbá ni. Kẹ́hìndé tó wà pẹ̀lú mi ló kígbe ní Gẹ̀ẹ́sì sí ọkùnrin náà pé kó pa ẹ́ńjìnnì. Ó pa á.

Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ọmọ náà kò tilẹ̀ sunkún. Ó ń wò mí ni. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pupa. Láti èjìká òsì wá sí abẹ́ ọrùn, okùn ti fa ilà kan sára aṣọ rẹ̀, ó mọ́ roro bíi pé abẹ ni wọ́n fi là á, fóòmù funfun inú rẹ̀ sì yọ síta. Mo fojú wọn àlàfo tó wà láti ibi tí ilà náà parí sí dé ibi tí ọrùn ọmọ bẹ̀rẹ̀. Kò ju ìka mẹ́ta lọ.

Bàbá rẹ̀ ń bẹ̀ mí, ó ní òun máa san owó ọ̀pá tó lọ. Èmi náà ń bẹ̀ ẹ́. A jọ ń bẹ ara wa lójú omi, ọwọ́ àwa méjèèjì ń gbọ̀n, a sì ń fi àlùmọ́gàjí gé okùn kúrò lábẹ́ jet ski rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò pẹja mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a délé, ìyàwó mi wo ojú mi, wọ́n kàn ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó ná," wọ́n sì bu omi wá.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí orí mi tó wálẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo tú gbogbo okùn tó wà lára àwọn ọ̀pá mi dànù. Okùn híhun ni, èyí tí kì í já títí ẹrù ara rẹ̀ yóò fi tó 20 pọ́n-ùn. Ibi tí mo ti wá, okùn tó yi ni okùn tó dáa, àdánù ni okùn tó bá já jẹ́ fún apẹja. Ṣùgbọ́n okùn híhun kì í nà, tó bá sì ti fà le, ó ń gé bí ọ̀bẹ. Kí tilẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe? Crappie funfun tó tóbi jù lọ tí wọ́n tíì fi ìwọ̀ mú nínú àkọsílẹ̀, ní Enid Dam ní ìpínlẹ̀ Mississippi lọ́dún 1957, pọ́n-ùn 5 àti áńsì 3 ni. Èyí tí èmi ń mú kì í sábà tó pọ́n-ùn kan ààbọ̀. Okùn ọ̀rá lásán tó ń já ní pọ́n-ùn 6 ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ó ń nà díẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹnu ẹja ya, ìyẹn tiẹ̀ ti jẹ́ kí ẹja tó ń wọlé pọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ ẹlòmíì bá sì gbé e, á já pẹ́ẹ́, kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ omi níbi tí a ti ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Mo bi í pé èmi tí mo ń wọ́ ìwọ̀, ṣé kò yẹ kí ọkọ̀ yòókù máa yà fún mi ni? Ó ní rárá. Ìlànà ìrìnnà ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ tó ń pẹja ní ẹ̀tọ́ pé kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn yà fún un, àmọ́ ọkọ̀ tó ń fa àwọ̀n tàbí ohun mìíràn tí kò jẹ́ kó lè yí bó ṣe fẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìlànà náà dárúkọ okùn ìwọ̀ tí à ń wọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì yọ ọ́ sọ́tọ̀. Lójú òfin, ọkọ̀ bíi ti gbogbo èèyàn ni tèmi. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún mi tí ọ̀nà wa fẹ́ pàdé, èmi ni kí n yà. Bí a bá dojú kọ ara wa, kí kálukú yà sọ́tùn-ún. Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tí mo rò ó délé, mo rí i pé òótọ́ ni: èmi ni mo fi okùn mi sójú ọ̀nà gbogbo ayé.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ohun tí màámi sọ. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí fóònù, àti ti ọmọ náà, àti ti jákẹ́ẹ̀tì tó là. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Kí lo fi ṣàmì sí i?"

Mo ní, "Màámi, àmì sí kí ni?"

"Okùn rẹ. Àwọn tó ń dẹ àwọ̀n lọ́sà níbí, ṣé wọ́n kàn ń dẹ ẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? O ò rí kẹ́ẹ̀gì, o ò rí ike omi tí wọ́n ń so mọ́ ọn kó lè máa léfòó? Kí ọlọ́kọ̀ lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá dẹ àwọ̀n sójú ọ̀nà ọkọ̀ láìṣàmì sí i, òun ló jẹ̀bi."

Mo mọ àwọn ike yẹn. Ojú ọ̀sà ni mo dàgbà sí. Mo ti jókòó nínú ọkọ̀ tó ń yà fún wọn láìmọye ìgbà, mi ò sì bi ara mi léèrè rí pé ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí. Ṣùgbọ́n okùn tó ń rìn kì í ṣe àwọ̀n tó dúró, mi ò lè so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ó wá mú mi rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún méjì ṣáájú, tí mo ti kà sí àìríbáṣe lásán. Oṣù Kẹrin ni, èmi àti ìyàwó mi ni. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan tó pẹrẹsẹ dúró ní gbọnrangandan níwájú wa, àwọn ọmọdé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ sómi láti inú rẹ̀. Ọ̀nà mi tọ ibẹ̀ lọ tààrà. Mo fa orí ọkọ̀ yí sósì wéré. Téèyàn bá ń wọ́ ìwọ̀ tó sì yí lójijì, àwọn okùn tó wà ní inú kọ́nà á falẹ̀, ìdẹ wọn á rì. Àwọn tó wà lóde kọ́nà á sáré, tiwọn á gòkè. Wọ́n á wá kọjá lára wọn lábẹ́ omi níbi tí ojú kò tó. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mẹ́fà ti di ẹyọ kan. A fà á wọlé, ó tóbi bí ìtẹ́ ẹyẹ, ìdẹ mẹ́fà há sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka igi jíjẹrà kan, àti crappie méjì láàyè láàárín rẹ̀. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni a fi tú u. Ìyàwó mi ló tú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọwọ́ wọn ní sùúrù ju tèmi lọ.

Báyìí, mi ò dúró dìgbà tí nǹkan bá dé iwájú mi mọ́. Ojú mi á ti wà ní ìwọ̀n ibi tí òkò àgbà méjì lè dé, màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bí ẹni tó ń fa ààbọ̀ òṣùpá gbàgẹ̀dẹ̀ sórí omi. Bí kọ́nà bá máa le, màá kọ́kọ́ ká okùn inú wọlé. Àǹfààní kan wà nínú kọ́nà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ o: bó bá jẹ́ okùn inú ni ẹja ń gbé nígbà tí ẹ ń yí, wọ́n ń sọ fún yín pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, kí ẹ dẹwọ́. Bó bá jẹ́ ti òde, ẹ yára díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja ni mo ti rí nípa ìyẹn nìkan.

Àìríbáṣe tó ná mi lówó jù kò tilẹ̀ pariwo rárá. Afẹ́fẹ́ gúúsù ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, adágún yẹn sì gùn láti gúúsù lọ sí àríwá, nítorí náà afẹ́fẹ́ gúúsù máa ń ráyè kó ìgbì jọ. Bátìrì mi ti ń rẹ̀ ẹ́ nítorí pé mò ń wa ọkọ̀ kọjú sí i. Ọkọ̀ ńlá kan tó ń fa ẹnì kan lórí pátákó wá yọ, ìgbì tó ń tì sẹ́yìn ga tó orúnkún, èmi sì fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ yí orí ọkọ̀ sí ìgbì náà kíá. Mo ká okùn wọlé lẹ́sẹẹsẹ, mo tan ẹ́ńjìnnì ńlá, mo yí. Márùn-ún ni mo ká. Ẹ̀kẹfà ṣì wà nínú omi.

Mi ò mọ nǹkan kan lára. Ọkọ̀ sáré délé bó ṣe máa ń sáré, mo kàn rò pé ìdẹ kan há sára igi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Mo tú ìdérí rẹ̀, ohun tó sì jáde wá funfun bí ògì. Omi ti wọnú ọ́ìlì. Mẹkáníìkì tú abẹ́bẹ̀ ìdí ẹ́ńjìnnì, ó pè mí kí n wá fojú ara mi rí i: okùn mi ló wé mọ́ ọ̀pá tó ń yí abẹ́bẹ̀ náà, ó ti gbóná, ó ti yọ́ di òrùka líle kan, ó sì ti jẹ rọ́bà tó ń dí ọ̀nà omi. Bí mo bá tún ti lò ó fún oṣù kan sí i, gbogbo eyín inú rẹ̀ ì bá ti run. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá ti wà nílé, mo máa ń tú abẹ́bẹ̀ náà wò. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àlùmọ́gàjí kan sì wà tí mo so mọ́ ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú okùn gígùn. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ọkọ̀ mi, ọmọdé tàbí àgbà, ló láṣẹ láti gé gbogbo okùn láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Ìdẹ kan kò ju dọ́là kan tàbí méjì lọ. Téèyàn bá ń ro ìdẹ nígbà tí ìgbì ń bọ̀, ìgbì ò ní í dúró dè é.

Ti ìwọ̀ tó wọ ọwọ́ Táíwò kò ní í gùn. Ó di crappie mú, ó fẹ́ yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìgbì ọkọ̀ kan gbé wa, ẹja jà, ìwọ̀ náà sì wọ àtàǹpàkò rẹ̀ kọjá ibi ẹ̀gún rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Wọ́n fi okùn kan yí ìtẹ̀kọ́rọ́ ìwọ̀ náà po, wọ́n fi ìka tẹ orí ìwọ̀ mọ́ ara ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kí ẹ̀gún náà lè tú, wọ́n ní kó wo ẹyẹ kan lókè, wọ́n sì já okùn náà lẹ́ẹ̀kan. Ó jáde kí ọmọ tó wí pé yéè. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì mú un lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ wọ́n kìlọ̀ fún mi pé bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojú ni, tàbí ibi tí iṣan wà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń yọ ìwọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó.

Ìbéèrè màámi ni mo fẹ́ padà sí. Nígbà tí ìrúwé ọdún tó tẹ̀ lé e dé, mo pe àwọn ìbejì jókòó, mo ní ọ̀nà tí a ń gbà pẹja máa yí padà. Ọ̀pá mẹ́fà di mẹ́rin. Okùn 100 ẹsẹ̀ bàtà di 50 lọ́jọ́ tí omi bá dí. Ẹja máa ń dín kù díẹ̀ pẹ̀lú okùn kúkúrú, nítorí ọkọ̀ ń kọjá lórí wọn kí ìdẹ tó dé, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. A máa ń wọ omi kí ilẹ̀ tó mọ́, tó bá sì ti di aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, a ti ń ká okùn wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹnì kan á máa kọjú sẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá, kò gbọdọ̀ wo fóònù. Wọ́n ń gba iṣẹ́ náà fún ara wọn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ tí ó dà bíi pé ó fẹ́ gba ẹ̀yìn wa kọjá, kó dìde, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kó máa nà án sí ibi tí okùn wà. Àmì wa nìyẹn. Kò sí kẹ́ẹ̀gì, èèyàn ló wà níbẹ̀.

Yorùbá ni a sì fi ń ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ ti gba ọ̀pọ̀ èdè wa lẹ́nu àwọn ọmọ wọ̀nyí, mo sì ń bá a jà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, "ọ̀tún," "òsì," "ẹ̀yìn," "ká a wọlé," "gé e," kò sí èyí tí wọn ò mọ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ láìrò ó.

Lóṣù Kẹta, àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìkùukùu ṣì wà lórí omi nígbà tí a ju ìdẹ wa sómi ní apá àríwá afárá. Nígbà tó fi di aago mẹ́sàn-án, ọkọ̀ ti ń pọ̀. Kẹ́hìndé ló kọjú sẹ́yìn. Mo gbọ́ ìró jet ski kan tó ń bọ̀ láti apá òsì, ara mi le gbagidi, mi ò sì yíjú. Mo gbọ́ tí pátákó ilẹ̀ ọkọ̀ dún bí ọmọ náà ṣe dìde. Ìró náà sún mọ́ wa, ó sún mọ́ wa, ó wá lọ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà. Nígbà tí mo yíjú, ọlọ́kọ̀ náà ti fẹ ọ̀nà rẹ̀ lójú gan-an, ó gbé ọwọ́ sókè sí wa, Kẹ́hìndé náà sì gbé tirẹ̀ sí i.

Ọ̀pá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Kò figbe ta, ó kàn ń tẹ orí ba, ó ń gbé e sókè, bí ẹja ṣe máa ń ṣe. Táíwò jókòó kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ó ká a wọlé jẹ́jẹ́, mo fi àwọ̀n gbé e lábẹ́, ó sì na ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ láti kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé èje. Dúdú ni. Ó fi í lé orí ìwọ̀n, ó kọjá ínṣì 10 dáadáa.

"Dádì, kò sẹ́ni lẹ́yìn," Kẹ́hìndé ló wí bẹ́ẹ̀. Kò tíì jókòó.